Ọlọ́kadà Egan àti Owó Ìdójútòfò

Nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Alímọ̀ṣọ́ ni iye ènìyàn rẹ̀ pọ̀ jù lọ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka àwọn ènìyàn ní ọdún 2006. Àwọn tí a kà níbẹ̀ ní ọdún náà jẹ́ 1,277,714, kò sì sí ẹni tí ó mọ Ìkòtún, Ìgàndó, Ẹgbẹ́dá àti Ìdímù tí kò ní gbà pé èrò ibẹ̀ ti lé sí i láti ìgbà náà wá. Egan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó wà lápá Ìgàndó. Ọ̀nà ńlá tí ó so Ìyànà-Ìpájà mọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó la agbègbè náà kọjá. Bọ́ọ̀sì ń já èrò sílẹ̀ ní etí ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wà ní inú lọ́hùn-ún, níbi tí òjò ti ń sọ ilẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ń sọ ọ́ di eruku. Alùpùpù ni ó ń gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Òun ni ó ń gbé ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó ń gbé ìyá ọlọ́jà àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀, òun kan náà ni a sì ń pè ní òru nígbà tí aboyún bá fẹ́ dé ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìgàndó, tí ọkọ̀ mìíràn kò sì sí.

Ọkadà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀ rí, nítorí Okada Air ni ilé-iṣẹ́ tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀, tí ó sì fi orúkọ ìlú Okada ní ilẹ̀ Ẹdó sọ ọ́. Àwọn aláwàdà ni ó gbé orúkọ náà wọ alùpùpù, nítorí pé bí ó ti ń yọ́ gba àárín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kọjá, ńṣe ni ó dà bí ohun tí ó ní ìyẹ́. Sísáré yìí náà ni ó sọ ọ́ di ohun tí ìjọba ń bá wọ̀yá ìjà. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 lé e kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba fi òfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi mẹ́rin kún un, èyí ni Kóṣọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ owó tí ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ san kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé alùpùpù kan Egan gbọ̀ngbọ̀n ju bí ó ti kan Ìkẹjà tàbí Sùúrùlérè lọ.

Owó wọ̀nyí kò kéré. Epo bẹntiróòlù wà níbẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ẹgbẹ́ ń gbà ní òwúrọ̀ wà níbẹ̀. Táyà, ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gun ọkadà ni kò ní alùpùpù tí wọ́n ń gùn, owó ni wọ́n ń jíṣẹ́ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni òfin tún wá sọ pé kí wọ́n san owó ìdójútòfò, èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní ìnṣọ́ránsì.

Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ náà wò yóò rí i pé adójútòfò ni ẹni tí ó ń dójú ti òfò. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí Yorùbá rárá. Kí aláwọ̀ funfun tó dé, bí iná bá jó ilé ẹnì kan, àwọn ará agboolé a mú òpó wá, wọn a mú koríko wá, wọn a sì kọ́ ilé náà kí òjò tó rọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń ṣe àáró, wọ́n sì ń ṣe ọ̀wẹ̀. Ohun tí ó wúwo fún ẹnì kan ṣoṣo ni ogún ènìyàn ń gbé bí ẹni gbé ìyẹ́ adìẹ. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń ṣe, àfi pé owó ni ó fi rọ́pò òpó àti koríko, àwọn tí ń dá owó náà kò sì mọ ara wọn.

Kí wọ́n má mọ ara wọn yìí ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá mọ àjọ dáadáa, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní Èkó, òkìkí Alphaeus Táíwò Olúnáìkẹ́, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú, kàn títí tí orúkọ rẹ̀ fi di àpèjúwe nínú èdè. Wọ́n ní ó lè rántí iye tí olúkúlùkù dá láìwo ìwé, kò sì ń ṣì í san. Títí di òní, bí ọmọ kan bá gbọ́n, a ó ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Ẹni tí ó ń dá àjọ mọ ojú alájọ, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí òun yóò kó owó òun. Owó tí ó dá ni yóò kó. Ìdójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ìjàǹbá ní ọdún náà kò ní rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó tí ó san, yóò sì tún san òmíràn ní ọdún tí ń bọ̀. Ní ojú ẹni tí ó ti fi àjọ mọ ìwà owó, èyí jọ olè. Kò sí bí a ti lè dá a lẹ́bi bí ó bá rò bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í láti ṣàlàyé.

Bí ènìyàn bá dúró sí ibùdó àwọn ọlọ́kadà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, irú ohun tí yóò gbọ́ kò ní yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò fa ìwé yọ láti inú àpò, yóò ní:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń san án, n kò kọlu ewúrẹ́, ká má tíì sọ ènìyàn. Ta ni ó ń jẹ owó mi?”

Èyí tí ó dàgbà jù ú lọ yóò dá a lóhùn pé: “Àbúrò, bí o kò bá kọlu ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni kí o dú. Ẹni tí ó fẹ́ kí owó ìnṣọ́ránsì òun padà dé ọwọ́ òun, ìjàǹbá ni ó ń tọrọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ tí mo kọlu ènìyàn, ṣé wọn yóò san án?”

Àgbà náà yóò dákẹ́. Ìbéèrè kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìtàn ìdójútòfò ọkọ̀ ní ilẹ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1921 ni ilé-iṣẹ́ Royal Exchange Assurance láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ẹ̀ka sí Èkó. Òfin tí ó mú kí ìdójútòfò di dandan fún ọkọ̀ jáde ní ọdún 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọdún 1950. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1930. Òfin ìdójútòfò ti ọdún 2003 tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ láìní i lè san 250,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí kí ó ṣe méjèèjì.

Ohun tí òfin sọ di dandan ni ìdójútòfò ti ẹni kẹta. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtumọ̀ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni kìn-ín-ní ni ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ẹnì kejì ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹni kẹta ni ará ìta tí ọkọ̀ náà ṣe ní jàǹbá. Bí ọlọ́kadà kan bá kọlu ìyá arúgbó tí ó ń sọdá títì, tàbí kí ó fọ́ iná ẹ̀yìn mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò san owó ìtọ́jú ìyá náà àti owó àtúnṣe mọ́tò. Kò ní tún alùpùpù ọlọ́kadà ṣe. Bí olè bá sì jí alùpùpù náà gbé, ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àìmọye ènìyàn ni ó ti lọ fi ìbínú bèèrè owó alùpùpù tí ó sọnù, tí wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀sùn pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n lọ bèèrè kò sí nínú ohun tí wọ́n rà.

Fún ọdún púpọ̀, 5,000 náírà ni ẹni tí ó ni mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ń san fún irú ìwé yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alábòójútó gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí à ń pè ní NAICOM, fi ìwé ránṣẹ́ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó náà ti di 15,000 náírà. Fún mọ́tò akẹ́rù ti àwọn oníṣòwò, ó di 100,000. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí a fi orúkọ ọ̀gágun Buba Marwa tí ó ṣe gómìnà ológun Èkó sọ ní Máruwá, yóò máa san 5,000. Alùpùpù yóò máa san 3,000. Ìwé kan náà sọ iye tí ilé-iṣẹ́ lè san jù lọ fún dúkìá ẹni kẹta tí ó bàjẹ́: ó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, mílíọ̀nù méjì fún kẹ̀kẹ́ Máruwá, àti mílíọ̀nù kan fún alùpùpù.

Ariwo ta. Àwọn onímọ́tò ní ìjọba ti sọ owó di ìlọ́po mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí ó kù kí ọdún parí, láìfi ọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ẹ̀sùn asán. Ìkéde tí ó bá kan àpò mẹ̀kúnnù ń fẹ́ àkókò àti àlàyé, àsìkò ọdún Kérésìmesì kò sì fi àkókò kankan sílẹ̀ fún èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ó yàtọ̀ sí bí wọ́n ti kéde rẹ̀, èyí ni pé ṣé owó náà tọ́ tàbí kò tọ́. Ìṣirò ni ó lè dáhùn èyí.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé 10,000 ọlọ́kadà dá owó sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, tí olúkúlùkù san 3,000 náírà. Owó tí ó délẹ̀ jẹ́ 30,000,000 náírà. Bí ẹnì kan nínú 100 bá ṣe jàǹbá fún ẹni kẹta ní ọdún náà, ìjàǹbá 100 ni yóò ṣẹlẹ̀. Bí àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ná wọn ní 200,000 náírà, ilé-iṣẹ́ yóò san 20,000,000. Nínú 10,000,000 tí ó kù ni wọn yóò ti san owó oṣù òṣìṣẹ́, owó alágbàtà, owó ilé àti owó orí, kí wọ́n tó rí èrè. Nísinsìnyí, ká ní náírà sọ agbára rẹ̀ nù, tí àtúnṣe kan náà wá ń ná wọn ní 350,000. Ìjàǹbá kò pọ̀ sí i. Àwọn ọlọ́kadà kò gùn ún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀ owó tí ilé-iṣẹ́ yóò san ti di 35,000,000, ó sì ti ju gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ lọ. Bí wọn kò bá fi kún owó, wọn yóò wó, tàbí kí wọ́n máa wá ọgbọ́n tí wọn kò fi ní san.

Ìṣirò yìí kò jìnnà sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin láti ra iná mọ́tò tàbí báńpà mọ̀ pé òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ilé ìfowópamọ́. Kí ó tó di àárín ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Mílíọ̀nù kan náírà tí ìwé ọlọ́kadà ṣèlérí ní ọdún 2023 kò lè ra ohun tí ó ń rà ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Bí a bá sì pín 3,000 náírà sí 365 ọjọ́, kò tó náírà mẹ́sàn-án lóòjọ́. Kò sí nǹkan kan tí a lè fi náírà mẹ́sàn-án rà ní Egan mọ́. Èyí fi hàn pé owó nìkan kọ́ ni ó ń dun ọlọ́kadà. Ohun tí ó ń dùn ún jù ni pé kò gbàgbọ́ pé ohunkóhun wà lẹ́yìn ìwé náà.

Kí ìjọba sọ nǹkan di dandan kò ní kí ènìyàn gbà á gbọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto. Kíá ni àwọn kan kó igbá gbígbẹ àti ìkòkò dé orí, tí wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n, wọ́n sì gun alùpùpù lọ. Gbogbo ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń ṣe ṣe kedere: ojú ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fẹ́ fi akoto bò, kì í ṣe agbárí ara wọn. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbà ń ra ìdójútòfò. Wọ́n fẹ́ ìwé tí wọn yóò yọ sí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dínwó, nítorí ìwé tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn kò ná ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ju owó bébà àti yíǹkì lọ. Ìwé ayédèrú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ Nàìjíríà fi dá àkójọ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní NIID, nínú èyí tí ènìyàn lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wádìí bóyá òótọ́ ni ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ra ayédèrú kì í mọ̀ àfi ní ọjọ́ ìjàǹbá, ó sì máa ń lọ sọ fún gbogbo ibùdó pé ìnṣọ́ránsì kì í san owó.

Ẹ̀tàn owó pọ́ọ́kú kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1963, ọkùnrin kan láti erékùṣù Ceylon, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emil Savundra, dá ilé-iṣẹ́ Fire, Auto and Marine sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ onímọ́tò kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ bí eéran. Ó ń ra ọkọ̀ ojú omi eléré ìje fún ara rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ náà wó, nǹkan bí 400,000 onímọ́tò sì jí ní òwúrọ̀ láìní ìdójútòfò kankan. Ní ọdún 1968, ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Àwọn ará ìlú náà kò tíì gbàgbé èyí nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn, Vehicle and General, tún wó ní ọdún 1971. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba wọn ṣe òfin kan ní ọdún 1975 láti máa dáàbò bo ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá wó. Ohun tí ó yẹ kí á fi ojú sí nínú ìtàn yìí ni pé owó tí ó kéré jù ni ó pa àwọn onímọ́tò wọ̀nyí lára. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ẹnu sọ pé kí owó ìdójútòfò má ṣe lọ sókè láéláé kò tíì gbọ́ nípa Savundra.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, NAICOM gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Niger Insurance àti Standard Alliance Insurance ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí òfin tuntun tí ó rọ́pò ti ọdún 2003. Òfin náà sọ owó ìpìlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní di bílíọ̀nù 15 náírà fún àwọn tí ń ṣe ìdójútòfò ọkọ̀ àti dúkìá, ó sì pàṣẹ pé kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ààbò àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí jọ ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní àádọ́ta ọdún ṣáájú. Bí àpò náà yóò ti tó ni ọjọ́ iwájú yóò fi hàn.

Kò tọ́ kí ẹjọ́ náà jẹ́ ti apá kan. Adójútòfò náà ní ìdí láti fura sí ọlọ́kadà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn ń gba ìwé ní àwìn, wọn kì í sì í san owó rẹ̀, títí NAICOM fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un láti ọdún 2013 pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ìdójútòfò. Àwọn kan ń sáré lọ ra ìwé lẹ́yìn tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ tán. Àwọn mìíràn ń kọ sínú ìwé pé alùpùpù náà wà fún ìlò ara wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé èrò ni wọ́n fi ń gbé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òfin ìdójútòfò ní gbogbo ayé dá lórí òtítọ́ inú: ohun gbogbo tí ó lè mú kí ilé-iṣẹ́ gbà tàbí kọ̀, ẹni tí ó fẹ́ ra gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fi èrò gbígbé pamọ́ ti fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀bẹ tí wọn yóò fi gé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wá bèèrè.

Ìwà kan tún wà ní ìgboro tí ó ń ba nǹkan jẹ́. Bí ọlọ́kadà bá fọ́ iná mọ́tò, àwọn èrò a pé jọ, wọn a ní kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó mú ohun tí ó wà lápò rẹ̀ wá. Onímọ́tò a bínú díẹ̀, a gba 5,000, a sì lọ. Ìbágbépọ̀ wa ni ó mú èyí wá, ó sì dára ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà náà ti san owó lẹ́ẹ̀mejì, onímọ́tò kò sì rí ìdá mẹ́wàá àtúnṣe rẹ̀ gbà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì fẹ́ kí ìwé náà ṣiṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: wọn yóò ya àwòrán ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, wọn yóò gba orúkọ àwọn tí ó rí i, wọn yóò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti gba ìwé ìròyìn ìjàǹbá, wọn yóò sì fi tó ilé-iṣẹ́ létí láìjáfara. Ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ ṣe ìlérí owó kankan fúnra rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó mọ̀. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, òfin ọdún 2003 pàápàá kò fún wọn ju 90 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà pé gbèsè náà jẹ́ tiwọn, NAICOM sì ní ẹ̀ka tí ó ń gba ẹ̀sùn. Ìyọnu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọlọ́kadà tí ó lo ọjọ́ mẹ́ta láti máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ kò ní rí owó ọjọ́ mẹ́ta náà. Títí tí ilé-iṣẹ́ kan yóò fi rí i pé ó yẹ kí òun ní aṣojú ní Ìgàndó tàbí Ìkòtún, ẹni tí ọlọ́kadà lè mọ ojú rẹ̀ bí ó ti mọ ojú alájọ, ìrìn àjò yìí yóò máa lé àwọn ènìyàn padà sí ìdọ̀bálẹ̀.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá kéde pé wọn yóò máa mú ẹni tí kò bá ní ìwé ẹni kẹta. Ìwé náà tún wá di ohun tí a ń bèèrè lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí òfin kò tíì dé rárá. Bí ọlọ́kadà kan ní Egan bá ṣubú nínú ẹrọ̀fọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìgàndó, ìwé 3,000 náírà tí ó wà nínú àpò rẹ̀ kò ní san owó ìtọ́jú rẹ̀, nítorí òun kọ́ ni ẹni kẹta. Ìdójútòfò ti ara ẹni wà lọ́tọ̀, ó sì ní owó tirẹ̀. Òfin ẹni kẹta kò sọ ọ́ di dandan. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó yóò ṣe ni pé wọn yóò gbé fìlà kiri láti ọ̀dọ̀ alùpùpù kan dé èkejì, olúkúlùkù yóò sì ju ohun tí ó bá ní sínú rẹ̀.